Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró de reluwé, kí lẹ máa ń wò ní téṣàn?

TíṣàÀgbà_Ìyàrá:
Ọ̀kun o gbogbo ilé. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kékeré kan lọ́wọ́ yín, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Warri ti bímọ, èmi àti ìyá ẹ̀ ń lọ kí i, wọ́n ní ká gba Kabba já sí Okene ká lọ wọ reluwé ní Itakpe torí ọ̀nà mọ́tò ti sú àwọn èèyàn. Tá a bá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń gbé Ìjú l'Ékòó náà ní dandan ká wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, reluwé náà ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ lọ Oyingbo. Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ pé ká tètè dé ká sì dúró, kò sẹ́ni tó sọ ohun tá a máa ṣe nígbà tá a bá ń dúró. Àwọn ọmọ ní kí n máa tẹ fóònù. Ojú mi ò gbà á, èmi fẹ́ràn kí n máa wo nǹkan, àmọ́ téèyàn ò bá mọ ohun tó ń wò, á kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹrù ni. Kí lẹ̀yin máa ń wò?

AlájàpáKájú_Kabba:
Tíṣà, ẹ kú oríire ọmọ tuntun o! Olúwa á wò ó, á dá a sí.
Tèmi ò pọ̀, ẹ máa wo àwọn alábàárù. Èmi tí mò ń gbé ọjà lọ Agbor àti Warri, n kì í fetí sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kéde yẹn, ohùn ẹ̀ máa ń dún wọ inú ara wọn ni, nǹkan kan ò ní yé yín níbẹ̀ ju ìkíni lọ. Alábàárù ni aago tèmi. Tí wọ́n bá ṣì nà gbalaja sínú bàrò wọn, tí wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ẹ jókòó yín, ẹ mumi, reluwé ò tíì sún mọ́tòsí. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀kan dìde tó gbọn ṣòkòtò ẹ̀, tí èkejì ń fẹsẹ̀ wá bàtà, ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Wọ́n mọ̀ o, torí ibẹ̀ loúnjẹ wọn wà, alábàárù tí reluwé bá dé tí kò sí nítòsí, ẹlòmíì ló máa gbé ẹrù yẹn. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì náà, tí ọkọ̀ bá ṣì jìnnà wọ́n á fi ọ̀rá bo igbá wọn nítorí eruku, ìgbà tí wọ́n bá ń ṣí i yẹn ni kẹ́ ẹ ṣí ojú yín náà.
Ẹ tún máa wo ẹrù àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹja gbígbẹ, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Èmi máa ń tibẹ̀ mọ ohun tó pọ̀ lápá ọ̀hún, mi ò kì í béèrè iye tó jẹ́, ojú mi ni mo fi ń rajà kí n tó débẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ilé o. Tíṣà, ẹ wo ilẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn máa ń wà lọ́ọ̀ọ́kán, ibi tí reluwé máa gbà yọ, àmọ́ ilẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo bá àwọn tó ń tún ojú irin ṣe ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kí n tó padà sílé, torí ẹ̀ ni mo ṣe lè sọ díẹ̀.
Ẹ máa rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sábẹ́ irin. Ẹ wò ó dáadáa, kò rí roboto, ẹnu ẹ̀ mú, wọ́n fọ́ ọ ni. Tó bá jẹ́ òkúta odò tó ń dán ni, ṣe ni á máa yọ̀ lórí ara wọn tí ẹrù bá gùn ún, èyí tó ní igun ló máa ń há mọ́ra. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó di kọnkéré gbọọrọ tó wà lábẹ́ irin mú kó má sún, kó pín ìwúwo reluwé káàkiri ilẹ̀, kómi òjò sì ráyè jáde. Ẹ máa rí i pé wọ́n dà á ga sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, oòrùn ló fà á, irin máa ń gùn sí i tí oòrùn bá pa á, tí kò bá sóhun tó há a mọ́ ó lè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá wá rí ibi tí koríko ti hù láàárín òkúta yẹn tí ẹrẹ̀ sì ti dí i, omi ò ríbi gbà níbẹ̀ mọ́ nìyẹn, ibẹ̀ lara yín ti máa mì tí reluwé bá ń kọjá.
Èyí tí mo fẹ́ràn jù. Itakpe ni irin yẹn parí sí, reluwé ò sì lè yípo bíi mọ́tò. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan ló fa àwọn kóòṣì dé láti Warri, wọ́n máa já ẹ́ńjìnnì yẹn kúrò, á gba ojú irin kejì kọjá, á wá so mọ́ ìdí tó ti di iwájú báyìí. Ẹ má jẹ́ kó ṣojú yín kó fò yín dá o, ẹ dúró síbi tí wọ́n bá gbà yín láyè kẹ́ ẹ wò ó. Tí wọ́n bá so ó tán, wọ́n á so rọ́bà dúdú kan láti ẹ́ńjìnnì mọ́ kóòṣì, láti kóòṣì mọ́ kóòṣì títí dé ẹ̀yìn pátápátá. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé afẹ́fẹ́ yẹn ló ń fún bíréèkì pọ̀, rárá o, tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rọ́bà yẹn ni bíréèkì máa ń tú sílẹ̀, tó bá jáde ni bíréèkì máa ń mú. Torí náà tí rọ́bà bá já lójú ọ̀nà, gbogbo kóòṣì á dúró fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan nǹkan kan. Ariwo fùùù tẹ́ ẹ máa gbọ́ kó tó gbéra, bíréèkì ni wọ́n ń dán wò.

Ọmọ_Ìjùmú:
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbẹ́ ti sọ ọ́ di kíláàsì o, Tíṣà ti rí tíṣà 😂
Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi, kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Téṣàn ò kí ń ṣe ibi ìran nìkan. January 2023 làwọn agbébọn wọ téṣàn Ekehen ní Edo, lójú irin Itakpe sí Warri yìí kan náà, wọ́n kó àwọn èrò tó ń dúró de reluwé wọgbó. Látìgbà yẹn, èmi tí mo bá dé téṣàn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ibi táwọn agbófinró dúró sí àti ọ̀nà mélòó tó jáde síta. Lẹ́yìn náà màá wo ẹni tí kò ní báàgì, tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí kò sì sin ẹnikẹ́ni wá. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan o, ó lè jẹ́ ọmọ àdúgbò tó wá gbafẹ́, mo kàn ń wò ó náà ni. Tíṣà, ẹ jókòó sítòsí àwọn ìdílé tó ní ọmọ dání, ẹ má lọ dá dúró sí ìpẹ̀kun pèpéle nítorí pé ẹ fẹ́ wo òkúta. Fọ́tò sójà àti ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà á rárá.

TíṣàÀgbà_Ìyàrá:
Mo gbọ́ o, ẹ ṣé gan-an. Òkúta yẹn jọ mí lójú, ọjọ́ orí mi yìí n kò rò ó rí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ kẹ́nu ẹ̀ lè mú ni. Ẹnì kan sọ fún mi pé orúkọ Adamu Attah ni wọ́n kọ sí téṣàn Itakpe, ṣé gómìnà wa ìjọ́sí yẹn ni?

Àgbà_Bùnú:
Òun ni. Adamu Attah, ọmọ Ebira, òun ni wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà Kwara láti 1979 sí 1983. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọdé inú ibí mọ̀ pé Kwara ni gbogbo wa wà nígbà yẹn, Kabba, Isanlu, Mopa, gbogbo wa, August 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n fi orúkọ èèyàn pe àwọn téṣàn yẹn. Ti Ajaokuta ń jẹ́ Ọbásanjọ́, ti Uromi ń jẹ́ Anthony Enahoro, ẹni tó gbé àbá òmìnira wá sí ilé ìgbìmọ̀ ní 1953, ti Agbor ń jẹ́ Goodluck Jonathan. Tíṣà, ẹ máa ka pátákó kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ti ń kọjá, ẹ máa rí iṣẹ́ kọ́ ọmọ ọmọ.
Ohun tí mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú wá ní Itakpe ni òkè. Torí òkè yẹn ni irin fi débẹ̀, kì í ṣe torí tiwa. Òkúta tí wọ́n ń yọ irin lára ẹ̀ ló wà lórí òkè Itakpe, wọ́n fẹ́ máa kó o sọ̀ kalẹ̀ lọ iléeṣẹ́ irin Ajaokuta létí odò Ọya, kí wọ́n sì máa kó o lọ ti Aladja nítòsí Warri. 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin náà, 29 September 2020 ni Buhari tó ṣí i. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ ti lọ́mọ níléèwé kí wọ́n tó ní kí èrò wọlé! Àwọn bàbá wa tó fẹ́ wọ reluwé láyé ọjọ́un, Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin ni wọ́n ń lọ, ojú irin tó ti Èkó wá dé Jẹ́bà ní 1909, kò yà sọ́dọ̀ wa. Títí dòní kò tíì yà, ilẹ̀ Ebira là ń lọ bá a, àmọ́ ó sàn.

ÌyáOníẹ̀kọ_Isanlu:
Gbogbo yín ń wo irin ń wo òkè, kò sẹ́ni tó béèrè màmá. Tíṣà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ dá ojú ẹ̀ mọ̀ kó tó di pé ẹ nílò ẹ̀. Èkejì, òjìji. Àwọn èèyàn máa sáré lọ jókòó síbi tí òjìji wà nígbà tí wọ́n dé, kò pẹ́ oòrùn á lé wọn kúrò, wọ́n á máa gbẹ́rù kiri. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń rọ̀ sí, ibi tí òjìji ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó, kì í ṣe ibi tó wà. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ mú aṣọ ìborùn dání, atẹ́gùn téṣàn máa ń gba àárín kọjá. Ẹ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín yín láti ilé o.

Mopa_Ní_Ìjú:
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìjíròrò yìí, ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí mò ń gbé. Tíṣà, ẹ kú oríire. Dídúró ti Ìjú yàtọ̀ sí ti Itakpe pátápátá. Ìrìn àjò ni wọ́n ń lọ ní Itakpe, ẹrù pọ̀, èèyàn ń sin èèyàn, omijé pàápàá wà níbẹ̀. Ní Ìjú, iṣẹ́ òòjọ́ ni, báàgì kékeré, fláàsìkì oúnjẹ, bàtà tó dáa wà nínú ọ̀rá, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀. Ẹ máa rí obìnrin tó ń fi dígí fóònù kun àtíkè, ẹ máa rí ọmọléèwé tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí itan, ẹ máa rí bàbá kan tó ń sun oorun lórí ìdúró tí kò sì ní ṣubú. Wọn kì í kíra wọn púpọ̀, kì í ṣe ìgbéraga o, wọ́n mọra wọn, àmọ́ àárọ̀ Èkó ò gba ẹ kú àárọ̀ ṣé dáadáa lẹ jí bíi tiwa.
Ohun tó yẹ kójú yín wà lára ẹ̀ rèé. Ẹ máa rí i pé àwọn èèyàn ò tò lọ gbọọrọ lórí pèpéle, wọ́n dúró ní òkìtì-òkìtì, àlàfo wá wà láàárín òkìtì kan sí ìkejì. Àlejò máa rò pé àlàfo yẹn ló dáa torí kò sí fífún níbẹ̀, á lọ dúró síbẹ̀. Àmọ́ ibi tí ilẹ̀kùn máa ń ṣí sí làwọn aráalé dúró sí! Ibi tí àlàfo wà, ara kóòṣì lásán ló máa wá kojú yín, ẹ máa wá sáré. Ẹ bá òkìtì dúró. Àwọn kan tiẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tó sún mọ́ àtẹ̀gùn ní Oyingbo, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ tààrà, kí wọ́n lè ṣáájú àwọn tó kù jáde.
Ẹ tún wo irin o, Ọmọ_Ẹ̀gbẹ́ á fẹ́ èyí. Lọ́nà ibí ẹ máa rí oríṣi méjì, ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Tóóró yẹn làwọn òyìnbó kọ́kọ́ ṣe, mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin méjèèjì, èyí tó fẹ̀ jẹ́ 1,435, òun ni ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní June 2021, kìlómítà 157 ni. Red Line tiwa, ìyẹn reluwé tó ń ti Ìjú lọ Oyingbo yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò nínú ẹ̀ ní October 2024, orí fífẹ̀ yẹn náà ló ń rìn. Ìdí nìyẹn tí kì í ṣe gbogbo reluwé tó bá yọ ni ti yín. Ti Ìbàdàn lè kọjá fìrì kó má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má wo reluwé, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò, tí wọn ò bá gbé báàgì wọn nílẹ̀, ẹ má dìde, ẹ kàn sún sẹ́yìn ìlà yẹ́lò.
Ọkọ̀ Red Line yẹn fúnra ẹ̀ ní ìtàn. Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ìpínlẹ̀ Wisconsin ló ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n wá yí ọkàn padà wọn ò lò ó, Èkó lọ rà á. Mo máa ń rò ó tí mo bá jókòó sínú ẹ̀, pé ẹnì kan lọ́hùn-ún ló yẹ kó jókòó síbi tí mo jókòó sí.

AlájàpáKájú_Kabba:
Ehn, Mopa_Ní_Ìjú, ṣé kò sí alábàárù ní Ìjú ni? Aago mi ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn o.

Mopa_Ní_Ìjú:
Wọ́n wà níta, àmọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹrù ò sí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ni tiwa. Tí reluwé bá ń bọ̀ láti Oyingbo nírọ̀lẹ́, ẹ máa rí i tí wọ́n ń yí imú kẹ̀kẹ́ wọn padà sójú ọ̀nà, tí ẹni tó ń sùn nínú tiẹ̀ á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìjókòó.

AlájàpáKájú_Kabba:
Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn!

Kabba_Jùníọ̀:
Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ jẹ́ n fi kékeré kan kún un. Tíṣà, káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ lẹ máa nílò l'Ékòó, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wá a sílẹ̀, òun náà ni wọ́n ń lò fún bọ́ọ̀sì BRT. Ibi tẹ́ ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ wo ẹni tó wà níwájú, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa pariwo lẹ́yìn yín. Tó bá sì di pé wọ́n mú yín lọ wo Blue Line, reluwé Èkó mìíràn, ní Mile 2, iná mànàmáná ló ń wa ìyẹn, irin kẹta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí iná ń gbà kọjá. Ohunkóhun tó bá bọ́ sísàlẹ̀ níbẹ̀, fìlà ni o, fóònù ni o, ẹ fi sílẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ́:
Ó sọ òótọ́. Kódà níbi tí kò síná, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Irin lórí irin ni, reluwé ò lè dúró lójijì bíi mọ́tò, dírẹ́bà lè rí yín kó tẹ bíréèkì kó sì jẹ́ pé ó ti kọjá yín kó tó dúró.

TíṣàÀgbà_Ìyàrá:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, ìyá ẹ̀ ń wò mí ó ń rẹ́rìn-ín pé ìdánwò ni mo ń lọ ṣe. Ó kù ìbéèrè kan. A fẹ́ mú iṣu dání fún ọlọ́mọ. Ṣé inú kóòṣì la máa gbé e wọ̀?

AlájàpáKájú_Kabba:
Tó bá mọ níwọ̀nba ẹ lè gbé e sẹ́sẹ̀ yín, tó bá pọ̀ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó wọlé, wọ́n lè gba owó ẹrù. Ẹ wo nọ́ńbà kóòṣì lára tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ sára kóòṣì náà, ẹ fi han alábàárù kó má lọ gbé iṣu yín sínú kóòṣì ẹlòmíì. Ìdí àpò ni kẹ́ ẹ ti kọ orúkọ, ẹ má kọ ọ́ sẹ́nu, ẹnu ni wọ́n máa ń fà. Ẹyọ mélòó ni?

TíṣàÀgbà_Ìyàrá:
Mo ní márùn-ún tó. Ìyá ẹ̀ ní ogún.

AlájàpáKájú_Kabba:
Ogún ni o, ẹ má bá màmá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́mọ. Ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú alábàárù kó tó fọwọ́ kan àpò, tó bá ti gbé e tán iye tó bá wù ú ló máa pè.